Bí Èmi àti Ìyá Rẹ Ṣe Pín Oògùn Dọ́gba

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀gá àgbà tó ń darí ètò ìlera agbègbè wa ti kéde rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì níwájú rẹ̀, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì wà fún iyì, pé láti ọjọ́ náà lọ, aláìsàn ni ọba nílé ìwòsàn, pé dókítà àti nọ́ọ̀sì àti apòògùn àti gbogbo àwọn tó kù yóò pa ọwọ́ pọ̀ di ọwọ́ kan ṣoṣo, àti pé àìsàn tí kò tíì kúrò nílé rẹ̀ ni wọn yóò ti máa lé padà lójú ọ̀nà kó tó kan ara ẹnikẹ́ni. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ìyá rẹ sì pa tirẹ̀ jù mí lọ nítorí ó fẹ́ kó tètè parí kí á máa lọ sílé. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn ìwé ìpè tí wọ́n fún wa, mo fàlà sí abẹ́ rẹ̀, mo sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, òun gan-an ló sì kó wa sínú ohun tí mo fẹ́ ròyìn fún ọ yìí.

Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ kí ọ, kí o má baà sọ pé ọjọ́ ogbó ti gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ mi. Ṣé dáadáa ni o jí? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń jágbe mọ́ yín ti rọlẹ̀ díẹ̀? À ń gbàdúrà fún ọ láràárọ̀, ìyá rẹ a gba tirẹ̀ gígùn, èmi a gbà á ní ṣókí, torí mo gbà pé Ọlọ́run kì í ṣe ọmọ kíláàsì kìíní tí a ó máa tún nǹkan sọ fún. Kí ara rẹ le, kí ọ̀nà rẹ là, kí òrùlé ilé tí o háyà má ṣe jò mọ́. Àwa náà wà bí a ṣe wà. Ewúrẹ́ ìyàwó télọ̀ tó wà níwájú ilé wa wọ yàrá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jẹ ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé nǹkan bí àárín. Mo ń retí kó sọ̀rọ̀.

Ó yá, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé ìyá rẹ ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà, èmi sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń dá fún ìyá rẹ nílé ìwòsàn, Ọjọ́bọ̀ ni tèmi, nítorí náà wọn kì í gbé káàdì àwa méjèèjì yẹ̀ wò lọ́jọ́ kan náà. Oògùn tirẹ̀ funfun, méjì lójúmọ́. Oògùn tèmi pupa rẹ́súrẹ́sú bí àwọ̀ ọsàn, ó kéré, méjì lójúmọ́ ni òun náà. Lọ́jọ́ tí a ti ibi ìkéde yẹn dé, mo jókòó sórí àpótí ní ilé ìdáná, mo ro ọ̀rọ̀ ọ̀gá àgbà síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo wá pe ìyá rẹ. Mo ní gbọ́ ná, ìwọ ní àìsàn tí èmi kò ní, èmi ní èyí tí ìwọ kò ní. Bí tìrẹ bá ń bọ̀ wá bá mi, oògùn tó ń lé e wà nínú agolo rẹ. Bí tèmi bá ń bọ̀ wá bá ọ, oògùn tó ń lé e wà nínú agolo mi. Kí ni a tún ń dúró dè? Ìyá rẹ bi mí pé ṣé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá, ọ̀gá dókítà ló sọ ọ́, lẹ́nu gbohùngbohùn. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n pín in.

Mo sì pín in. Mo ya páálí kan sí ìlà pẹ̀lú rúlà, ọjọ́ méje lókè, àárọ̀ àti alẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná. Ìyá rẹ, funfun kan, pupa kan. Èmi, funfun kan, pupa kan. Ẹni tó bá ti gbé tirẹ̀ mì yóò fi ààmì sí i. Ọmọ mi, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi pín bisikíìtì fún ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì, kò sí ọmọ kan tó lọ sọ nílé pé tíṣà rẹ́ òun jẹ. Ṣé aya mi ni mo wá fẹ́ rẹ́ jẹ? A kò pa ọjọ́ kan jẹ láàárín oṣù mẹ́ta.

Ara sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún wa lésì. Lọ́jọ́bọ̀ àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì àgbà di aṣọ tí wọ́n ń fẹ́ mọ́ mi lápá, ó wo nǹkan tó wà lójú ẹ̀rọ, ó kọ ọ́ sínú káàdì mi: ọgọ́jọ lórí ọgọ́rùn-ún. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Látìgbà tí mo ti ń máàkì ìwé, n kò rí akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ọgọ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún rí, ìbáà jẹ́ ọmọ alága ìgbìmọ̀ òbí. Inú mi dùn ṣìnkìn, mo fi káàdì náà han télọ̀, mo fi han ìyàwó télọ̀, ewúrẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Ní oṣù kejì, ó di márùndínlọ́gọ́sàn-án lórí márùnlélọ́gọ́rùn-ún. Mo sọ fún ìyá rẹ pé iṣẹ́ náà ti le sí i débi pé wọ́n fi márùn-ún kún ohun tí wọ́n ń máàkì lé lórí, síbẹ̀ mo tún yege. Nọ́ọ̀sì nìkan ni kò bá mi yọ̀. Mo rò pé bóyá kì í ṣe ẹni tó máa ń yin ènìyàn, mo ti bá irú wọn ṣiṣẹ́ pọ̀ rí.

Kí n má parọ́ fún ọ, n kò gbádùn. Bí aago mẹ́wàá àárọ̀ bá ti ń lù báyìí, ọwọ́ mi a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn a bò mí, ojú mi a máa ṣú. Lọ́jọ́ kan mo jókòó wọ̀ọ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, àwọn ènìyàn ní Tíṣà Àgbà, kí ló dé, mo ní èèrà ni mò ń wò, wọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lọ́nà tó wú mi lórí. Ìyá rẹ ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, ó ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíì. Mo bi í pé ṣé ó ń dùn ún, ó ní kò burú. Mo gbà.

O lè bi mí pé níbo wá ni gbogbo àwọn tó ní àwọn fẹ́ pa ọwọ́ pọ̀ wà? Wọ́n wà níbẹ̀. Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ náà ni kò tíì bẹ̀rẹ̀, torí tábìlì kò tíì dé. Wọ́n ní ìlànà ni pé kí gbogbo wọn jókòó yí tábìlì kan ká, àti pé ọ̀gá àgbà ti fọwọ́ sí i, ó ń bọ̀. Kó tó dé, olúkúlùkù ti ìlẹ̀kùn tirẹ̀ mọ́rí. Dókítà wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbí, nọ́ọ̀sì àgbà wà lẹ́yìn kọ́tìnnì láàárín, apòògùn wà ní ìpẹ̀kun kejì lẹ́yìn fèrèsé kékeré kan tó ní irin, oṣù mẹ́ta ni mo fi mọ ọwọ́ rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ó ní ojú. Ẹnì kẹrin ni géńdé kan tí wọ́n fún ní yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí tẹ́lẹ̀, òun ló ń tọ́ iṣan àti oríkèé fún àwọn tí ara wọn ti le. Gbogbo ohun tó máa ń sọ fún aláìsàn kò ju kí ó dìde, kí ó jókòó, kí ó tún dìde lọ, ìyá rẹ sì sọ ọ́ ní Dìde-Jókòó. Ó ń jẹ́ ẹ.

Nítorí náà, dókítà a ní kí n sọ fún apòògùn pé òun ti fi kún ti ìyàwó mi. Apòògùn a ní kí n sọ fún dókítà pé ṣé ó dá a lójú. Nọ́ọ̀sì a ní kí n bá òun bi àwọn méjèèjì pé ta ló mú ìwé òun. Mo ń lọ, mo ń bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn bí ọmọ tí a fi ṣọwọ́ sí kíláàsì kejì láti lọ yá ṣọ́ọ̀kì. Mo tilẹ̀ máa ń tún gírámà wọn ṣe lójú ọ̀nà. Ọmọ mi, fún odindi oṣù mẹ́ta, èmi gan-an ni ìfọwọ́sowọ́pọ̀ náà, bàtà mi méjèèjì sì lè jẹ́rìí.

Ìgbà tó yá, tábìlì dé. Tábìlì róbótó, ó dán bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, ọkùnrin mẹ́fà ló gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí ọkọ̀, wọn kò sì lè gbé e gba ẹnu ọ̀nà kankan wọlé. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n yọ ìlẹ̀kùn kan, ó kọ̀ jálẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé e sí ìta gbangba lábẹ́ ìbòòji òrùlé nìyẹn, níwájú àwọn tó ń dúró láti gba káàdì, wọ́n sì pe èmi àti ìyá rẹ lọ́jọ́ kan náà, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n ní aláìsàn ni yóò wà láàárín. Mo wo àárín tábìlì náà, mo wo ìyá rẹ, mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, mo bi wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ta ni yóò gbé e gùn ún. Nọ́ọ̀sì ní àga ni yóò jókòó lé, Bàbá, bíi ti gbogbo wa.

Kí wọ́n tó dé, wọ́n ti fún wa ní fọ́ọ̀mù kan pé kí a fi ìrora ìyá rẹ sí ààmì, láti òdo dé mẹ́wàá. Mo bá a kọ ọ́. Mo fún un ní márùn-ún, torí o mọ̀ mí, n kì í fún ẹnikẹ́ni ní ju márùn-ún lọ ní sáà àkọ́kọ́, kí ó lè rí ibi tí yóò gbìyànjú dé.

Dókítà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó tín-ín-rín, ó máa ń nu awò ojú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ le. Ó bi ìyá rẹ pé Màmá, báwo lara? Mo ní ara rẹ̀ ti ń yá. Ó ní ṣé wọ́n ń rí oorun sùn? Mo ní ó ń sùn, ó tilẹ̀ ń han-run. Ó ní ẹsẹ̀ ńkọ́? Mo ní ó wúwo díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n tó bá nà án sílẹ̀, á fúyẹ́. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì àgbà ti gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin náà síngbọnlẹ̀, ohùn rẹ̀ dàbí ti ọ̀gá ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin, ó sì rọra sọ fún mi pé Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ti gbìyànjú gan-an, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu ẹni tó ni ẹsẹ̀.

Mo pa ẹnu dé. Iṣẹ́ ńlá ni, má fojú kéré rẹ̀.

Ó wá bi ìyá rẹ fúnra rẹ̀ pé ìrora náà tó mélòó. Ìyá rẹ ní mẹ́jọ. Ó ní tí òun bá dùbúlẹ̀, ó máa ń di mẹ́sàn-án. Mo yíjú wò ó. Obìnrin tí mo ń sùn tì, ó ti ń gba mẹ́sàn-án láì jẹ́ kí n mọ̀, èmi sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú márùn-ún mi. Ó tún ní lẹ́bàá ọmọ-ìka ẹsẹ̀ òsì, ibẹ̀ kò dun òun rárá, òdo ni, bí ẹni pé ibẹ̀ kì í ṣe ara òun. Mo rò pé ìyẹn lohun tó dáa jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ mo rí i tí ojú nọ́ọ̀sì yí padà. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ìyá rẹ, ó tú àkísà funfun kan tí ìyá rẹ fi wé e lábẹ́ rẹ̀, egbò sì wà níbẹ̀, ó tó ẹnu ìgò, ó jinlẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ kan ló bọ́ sínú bàtà rẹ̀, ó fi rìn láti ọjà wálé, kò mọ̀. Nọ́ọ̀sì bi í pé ìgbà wo nìyẹn, ó ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì ní kí ló dé tí ẹ kò sọ, Màmá? Ìyá rẹ ní òun mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, Tíṣà yóò ṣe lẹ́kíṣọ̀ lé e lórí.

Dókítà nu awò rẹ̀ ó tó ìgbà mẹ́ta. Ó ní ká dúpẹ́ pé òní ni, torí bó bá jẹ́ oṣù tó ń bọ̀ ni a pàdé, ìka tí àwọn máa gé àti ibi tí àwọn máa gé e dé ni à bá jókòó sọ. Ó ní ewu náà kò sì tíì kọjá tán.

Apòògùn wá ní ọ̀rọ̀ náà kò yé òun. Ó ní oògùn tí Màmá ń gbà tó láti mú ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀, pé ó ń tán géérégé lọ́jọ́ tó yẹ kó tán, òun kò tíì rí tọkọtaya tí oògùn wọn ń bá kàlẹ́ńdà mu báyìí. Mo tẹrí ba láti fi gba ìyìn náà. Dókítà ní òun ti fi kún un lẹ́ẹ̀mejì, kò ṣiṣẹ́. Ni Dìde-Jókòó tí kì í sọ̀rọ̀ bá ní ohun tó ń ya òun lẹ́nu ni Bàbá, pé òun bá mi lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan tí mo ń gbọ̀n bí ẹni tí ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá, òun fún mi ní súìtì kan lá, ara mi sì balẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ Bàbá kò ní ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n wo ara wọn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú yàrá mẹ́rin, ìdámẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì ló rọra bi ìyá rẹ pé Màmá, báwo lẹ ṣe ń lò ó nílé gan-an? Ẹ ṣe é kí á rí i, bí ẹni pé a kò sí níbí. Ìyá rẹ tú agolo méjèèjì jáde nínú báàgì rẹ̀, ó da oògùn sórí tábìlì tuntun yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín in bó ṣe máa ń pín in: funfun kan fún Tíṣà, pupa kan fún Tíṣà, funfun kan fún òun, pupa kan fún òun. N kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ti ẹ̀dà páálí ìpín náà bọ inú àpò wá, mo tẹ́ ẹ síwájú dókítà, mo ní mo ti mú un dání bóyá àwọn aláìsàn tó kù yóò fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Apòògùn gbé orí lé tábìlì. Dìde-Jókòó dìde, ó jókòó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí ara wọn. Apòògùn ní òun kọ orúkọ sára agolo kọ̀ọ̀kan. Dókítà ní òun sọ fún olúkúlùkù wọn pé tiwọn ni. Nọ́ọ̀sì ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo wa la bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń gbé oògùn mì, wọ́n sì ní àwọn ń gbé e mì, ta ni nínú wa tó bi wọ́n pé ta ló ń gbé èwo mì? Òun náà wà nínú ẹni tí kò bi wọ́n, ó sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mo dìde láti gbèjà gbogbo wa. Mo ka ọ̀rọ̀ ọ̀gá àgbà fún wọn lẹ́yìn ìwé ìpè, pẹ̀lú àlà tí mo fà sí abẹ́ rẹ̀. Dókítà gbọ́ mi dé òpin, ó ní Bàbá, àìsàn tí kò tíì dé, oúnjẹ la fi ń lé e, ìrìn la fi ń lé e, àyẹ̀wò la fi ń lé e, ẹnì kan kì í fi oògùn ẹlòmíì lé e. Ó ní èyí tí mo gbé mì níbẹ̀ ì bá ti pa mí sójú ọ̀nà níbi tí mo ti ń wo èèrà, àti pé ìdajì tí mo gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ ni kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sàn. Nọ́ọ̀sì wá ṣàlàyé fún mi pé ohun tí wọ́n ń kọ sínú káàdì mi kì í ṣe máàkì, pé ẹni tó bá gba kékeré ló ṣe dáadáa. Ọmọ mi, ojú tì mí. Mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ òbí nígbà tí wọ́n ń gbọ́ pé ọmọ wọn fìdí rẹmi, n kò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí lára nìyẹn.

Dókítà yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá rẹ. Ó ní Màmá, ẹ fi ti ìka ẹsẹ̀ àti ti ṣúgà sílẹ̀ ná. Ẹ̀yin gan-an, kí lẹ fẹ́? Ìyá rẹ wò mí, kí n bá a dáhùn. Mo yanu. Nọ́ọ̀sì wò mí. Mo pa á dé. Ìyá rẹ dáhùn fúnra rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ òun rìn lọ sílé àbúrò òun, òun nìkan, kí òun jókòó níbẹ̀ títí yóò fi tó òun, kí òun sì fi ẹsẹ̀ òun rìn padà. Ó ní láti ìgbà tí Tíṣà ti fẹ̀yìn tì, òun kò tíì dá nìkan lọ ibì kankan. Ó ní mo máa ń gba báàgì òun, mo máa ń bá òun kí àwọn tí a bá pàdé, àti pé tí àbúrò òun bá bi òun pé ẹ̀gbọ́n mi, báwo ni, kí òun tó dá itọ́ mì, mo ti sọ bí òun ṣe wà.

Kò bínú sọ ọ́ o. Bí ẹni tó ń ka ohun tó fẹ́ rà lọ́jà ló ṣe sọ ọ́. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹrí ba, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí mo rí tí wọ́n jọ kọ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, ilé ìyá kékeré rẹ ni gbogbo ilé ìwòsàn ń ṣiṣẹ́ sí. Dìde-Jókòó lọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín láti ẹnu ọ̀nà wa, ó kọ iye ìṣísẹ̀ sílẹ̀, ó kọ ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà, ó kọ àtẹ̀gùn mẹ́rin tó wà níwájú ilé náà. Ó ní kí ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ ìrìn lọ́jọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì ní ta ni? Lórí egbò yẹn? Wọ́n kojú ara wọn níwájú wa, Dìde-Jókòó ń sọ ti iṣan, nọ́ọ̀sì ń sọ ti awọ ara, dókítà ń nu awò, mo sì fẹ́ là wọ́n, ṣùgbọ́n mo rántí ara mi. Wọ́n fẹnu kò pé kí egbò jiná ná, kí ìyá rẹ máa dìde, kí ó máa jókòó lórí àga kó tó dìgbà náà. Nọ́ọ̀sì ń wẹ egbò lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Apòògùn ti jáde lẹ́yìn irin rẹ̀, ó wá sílé wa, ó já páálí mi lára ògiri pẹ̀lú ọwọ́ tí mo mọ̀ dáadáa yẹn, ó gbé agolo tèmi sókè kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé ti ìyá rẹ sórí tábìlì. Dókítà tún oògùn àwa méjèèjì wọ̀n. Wọ́n tilẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá kékeré rẹ pé kó yé fi ṣúgà sí tíì tó bá fẹ́ gba àlejò, kó sì wá àpótí kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò gbé ẹsẹ̀ lé.

Wọ́n tún fi ẹnì kan tì wá lórí fóònù. Aago méje àárọ̀ gééré ló máa ń kọ̀wé sí mi pé ẹ káàárọ̀, ẹ má gbàgbé láti lo oògùn yín. Ẹni dáadáa ni, kì í pa ọjọ́ Àìkú jẹ. Mo máa ń dá a lóhùn pé mo ti lò ó, mo bi í nípa aya àti ọmọ rẹ̀, mo ní kó gba ìsinmi díẹ̀, kò dáhùn rí, bẹ́ẹ̀ ni yóò tún kọ̀wé lọ́jọ́ kejì láìbínú. Mo ń ṣàníyàn lórí rẹ̀. Bí o bá mọ ẹnikẹ́ni nílé iṣẹ́ fóònù níbẹ̀, bá mi wádìí bó ṣe wà.

Egbò náà jiná ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìka márùn-ún ló ṣì wà lẹ́sẹ̀ òsì, mo kà á fúnra mi. Káàdì mi ti wálẹ̀ sí márùnlélọ́gbọ̀n lé ní ọgọ́rùn-ún, lórí márùnlélọ́gọ́rin, n kò sì fi han télọ̀, torí yóò ní mo ti lọ sẹ́yìn.

Òní yìí ni ìyá rẹ lọ. Aago mẹ́sàn-án ló jáde, ó gbé báàgì rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní kí n má tẹ̀lé òun, kí n má sì rán ẹnikẹ́ni tẹ̀lé òun. Mo dúró lẹ́nu géètì, mo wò ó títí ó fi gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Ó dúró lẹ́ẹ̀kan, ọkàn mi fò sókè, ṣùgbọ́n ìyàwó télọ̀ ló ń kí i. Ó sì dá a lóhùn fúnra rẹ̀. Ìyá kékeré rẹ ti tẹ̀ mí láago pé ó ti dé, pé ó gun àtẹ̀gùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láì di ohunkóhun mú. Mo ní kó fún un ní fóònù kí n bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ní òun ń bọ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí o bá wa wá ni bàtà tó rọ̀ nínú, tó fẹ̀ níwájú, tí kò ní ojú rírán tó lè ha ènìyàn lẹ́sẹ̀. Mo ti fi pẹ́ńsù ya ẹsẹ̀ ìyá rẹ sórí ìwé tí mo ká mọ́ lẹ́tà yìí, méjèèjì, mo kọ òsì sára òsì, má jẹ́ kí ẹni tó ń ta bàtà jiyàn pẹ̀lú rẹ, ọwọ́ mi kò gbọ̀n nígbà tí mo yà á. Bí owó díẹ̀ bá tẹ̀lé bàtà náà, a kò ní dá a padà. Sì bá mi wá ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn, ìdajì àkọ́kọ́ ti tó.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí o fi ẹsẹ̀ kọ lọ́jọ́ tó yẹ kí o rìn. Kí ara rẹ máa sọ òótọ́ fún ọ ní àkókò, kí o sì máa rí ẹni tí yóò gbọ́ ọ délẹ̀ tí o bá ń sọ ibi tó ń dùn ọ́. Ayọ̀ rẹ á kalẹ́. Ìyá rẹ ì bá kí ọ, n kò sì fẹ́ bá a kí ọ, yóò kí ọ fúnra rẹ̀ tó bá dé.

Èmi ni bàbá rẹ, lórí àga níta gbangba. Aago méjì ti lù. Kí ni àwọn méjèèjì lè máa sọ níbẹ̀ láti àárọ̀?